Títí Di Oṣù Kẹjọ

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù kẹrin,
mo ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé, ẹsẹ̀ mi wú bí búrẹ́dì inú omi,
mo bá igi wẹ́wẹ́ lójú ààrò yàrá ìjókòó:
igi tẹ́ẹ́rẹ́, igi ẹlẹ́gùn-ún,
igi tí òjò Halifax ti rin títí ó fi dúdú.
Mo gbá a. Kí n tó po tíì tán,
òmíràn ti já bọ́.

Mo gbé etí lé ògiri.
Wọ́n ń sọ̀rọ̀ lókè nínú òkùnkùn
bí tọkọtaya tó ń jà nítorí owó,
tí wọn kò fẹ́ kí ọmọ gbọ́.

Kannakánná ni. Kì í ṣe irú ti ilé wa,
èyí tó wọ funfun sáyà bí ẹni ń lọ sí ìsìn.
Ti ibí kéré, ẹyinjú rẹ̀ funfun bí àwo,
ó sì ti da eérú sí ọrùn ara rẹ̀
bí ẹni tó ti mọ ibi tí òun yóò fi ṣe ilé.

Owó gáàsì ti gun òkè àjà lọ.
Dékúnlé ti ra igi ìdáná, ó tò ó sẹ́yìnkùlé,
ó ní ká máa yáná bí ará àtijọ́.
Mo bá pe Ọ̀gbẹ́ni Ákírọ́ìdì,
ẹni tó jogún fífọ ihò èéfín lọ́wọ́ bàbá rẹ̀.
Ó kúnlẹ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì sókè, ó pẹ́ níbẹ̀,
ó sì tún ká gbogbo irin iṣẹ́ rẹ̀.
"Wọ́n ti sàba, màdáàmù. Òfin ò gbà á.
Ẹ má dáná. Ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n.
Ó di ìparí oṣù kẹjọ."
Ó mu tíì, ó jẹ bisikíìtì mẹ́rin, kò gba kọ́bọ̀.

Oṣù kẹjọ!
Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.
Bradford ni mo rántí, ní èṣí,
yàrá orí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe,
Àríyíkẹ́ ṣì jẹ́ ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta,
ìwọ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ já,
nígbà tí onílé ti ìwé bọ abẹ́ ilẹ̀kùn:
ọjọ́ mẹ́rìnlá.
Kò sí ẹni tó tan tọ́ọ̀ṣì wò wá.
Kò sí ẹni tó ní, ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n, wọ́n lọ́mọ.

Inú bí mi sí ẹyẹ. Mo jẹ́wọ́.
Wọ́n ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra;
kí ni wọ́n wá ń wá lọ́fun ilé mi?
Lálẹ́ ọjọ́ kan tí òtútù mú nínú oṣù karùn-ún,
mo mú ìṣáná, mo bẹ̀rẹ̀ síwájú ààrò.
Èéfín díẹ̀ péré ni.
Lókè, àwọn ọmọ wọn bú sígbe ebi,
omi ọmú mi sì ya, ó rin aṣọ iṣẹ́ mi.
Mo ju ìṣáná sínú síǹkì.

A fi súwẹ́tà sùn.

Nígbà tí Ákírọ́ìdì padà wá,
àpò mẹ́ta ni igi tó fà sọ̀kalẹ̀,
irun àgùntàn, tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì, bébà ṣokoléètì;
ní àárín gbùngbùn, níbi tí ẹyin ti sùn,
ìbọ̀sẹ̀ Àríyíkẹ́ kan, aláwọ̀ ewé,
èyí tí mo ti fi ẹ̀sùn rẹ̀ kan ẹ̀rọ ìfọṣọ láti oṣù kẹta.
Ó gbé e lé mi lọ́wọ́.
Ó gun orí òrùlé, ó fi àwọ̀n irin dé ihò náà pa.
Ọgọ́ta pọ́n-ùn.

Iná wa ń jó báyìí. Dékúnlé a na ẹsẹ̀ sí i, a máa han-an-run.
Ṣùgbọ́n nínú oṣù kejì, láàárọ̀ tí iná ti kú,
mo jáde lọ da eérú nù,
mo rí àwọn méjèèjì lórí àwọ̀n,
ọ̀kan mú igi lẹ́nu.
Ó tẹ orí, ó wo inú.
Ó yí ojú funfun yẹn sí mi.
Mo ní kí n ka iye ọjọ́ tí mo fún wọn.
Kò tó mẹ́rìnlá.